Ògbó Mọ̀nà, Píkọ́ọ̀pù Náà Mọ̀nà: Ìtàn Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Ń Gbé Ẹrù Ìgbómìnà

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé wá lónìí. Kì í ṣe mọ́tò olówó ńlá tí wọ́n fi ń yangàn lórí Instagram o. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí wọ́n fi okùn so ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì tún ń gbé ẹrù bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lánàá.

Tí ẹ bá dé Ìlá-Ọ̀ràngún, tàbí tí ẹ bá gba ọ̀nà Òkè-Ìlá lọ sí Ọ̀rà, ẹ ó pàdé rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu ló kó lónìí, àpò kòkó ni lọ́la, ọ̀túnla ó di iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Peugeot 504 ni púpọ̀ nínú wọn, èyí tí àwọn òbí wa ń pè ní Píjò. Láti ọdún 1993 ni wọn ò ti ṣe píkọ́ọ̀pù yìí mọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ìbéèrè mi ni pé: kí ló gbé e dé òní? Ta ló ń mú un rìn? Ta ni yóò sì máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́wàá sí i?

Kí mọ́tò tó dé

Àwọn àgbà Ìgbómìnà ní ìtàn kan tí wọn kì í fi ṣeré. Wọ́n ní nígbà tí Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, Fágbàmílà Ajagunńlá, ń kúrò ní Ifẹ̀, Odùduwà fún un ní ògbó kan, àdá tí yóò máa fi la ọ̀nà. Ibikíbi tí ọ̀nà bá ti dojú rú, ògbó yìí ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà, “ògbó mi mọ̀nà”, ni wọ́n ní ó di Ìgbómìnà. Ẹ mú ìtàn náà bí ẹ ṣe fẹ́. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé irin ló ṣíwájú, èèyàn ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò sì fìgbà kan rọrùn níbẹ̀. Lọ́dún 1907, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo. Ó gba Ìkìrun kọjá lọ sí Ọ̀fà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí òkè ọya, ṣùgbọ́n kò yà sí Ìlá. Orí làwọn èèyàn fi ń ru ẹrù títí tí lọ́rí onípákó fi dé, bọ́lẹ̀kájà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti òkè òkun ni, Bedford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà ilé wa ló ń kan pákó ara rẹ̀. Láti ìgbà yẹn la ti ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, tí a sì ń tún un dá sí ti wa.

Kàdúná, 1975

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde. Ní 1969, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ lọ́dún náà ní Yúróòpù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1972, ìjọba Gowon tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú Peugeot. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta ọdún 1975, Peugeot Automobile Nigeria, PAN tí gbogbo èèyàn mọ̀, ti ń to ọkọ̀ ní Kàdúná. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó.

Àkókò yẹn gan-an ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Epo rọ̀bì ń ta, náírà lágbára, tíṣà lè ra mọ́tò. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín wò, ojú wọn á tàn.

Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù kì í ṣe ọkọ̀ afínjú, ọkọ̀ iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, áàsì gbọọrọ kan ṣoṣo ló wà, tó jókòó sórí àwọn sípíríìnì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lérí ara wọn. Ẹrù tó lé ní tọ́ọ̀nù kan kò lè ba á lẹ́rù. Kábúrétọ̀ ló ń fi epo fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lojú rí, ọwọ́ sì tó o.

Nígbà tí náírà ṣubú

Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, wọ́n sì jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó di 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bíi ₦4. Òkè òkun ni PAN ti ń kó ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ wá, nítorí náà mọ́tò tuntun kúrò ní ohun tí tíṣà ń rò.

Ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ti gba ìlú. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ló di orúkọ ọkọ̀ tí ẹlòmíì ti lò gbó. Ọjà Ládiípọ̀ ní Mushin àti Àràròmí ní Gate, n'Ìbàdàn, di ibi tí gbogbo mẹkáníìkì ń wá ẹ̀yà ọkọ̀ lọ. Ẹni tó ti ní píkọ́ọ̀pù kò tún tà á mọ́, ó ń tún un ṣe ni. Bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ tà á fún dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà tà á fún alágbẹmu.

Kìlómítà mélòó ló ti wá rìn? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mítà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn kò ju nọ́ńbà márùn-ún lọ. Tó bá ti dé 99,999, òdo ló ń padà sí. Ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ ń sọ 40,000 lè ti yí òdo po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ọkọ̀ náà, inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa wò.

Etí mẹkáníìkì

Mo lọ jókòó ti ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìlá, tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Mo kí i, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Ó ní, “Òo, ọmọ mi. Ògún á gbè wá o.” Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, èmi náà ò sì ní dá a.

Píkọ́ọ̀pù kan wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń gbóná tó bá ń gun òkè, ó ń jẹ omi, agbára rẹ̀ sì ti lọ. Ẹni tó ni ín ti gbà pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ̀mù irin ti wá dá iye lé e, wọ́n fẹ́ fi òṣùwọ̀n gbé e bí ẹni ra àlòkù páànù.

Bàbá kò mú sípánà kankan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi dẹ́rẹ́bà. Ṣé tó bá tutù ló ń ṣe é ni, àbí tó bá gbóná? Níbo lo ti ń bu omi sí i? Ṣé ó ń jò sílẹ̀, àbí omi kàn ń dín láìsí àmì? Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ṣáná sí i, ó sì lọ dúró sí ẹ̀yìn, níbi tí èéfín ti ń jáde.

“Èéfín ní ẹnu,” ló wí. Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù fún un. Tó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó, ríìngì ti jẹ nìyẹn, tàbí síìlì fáàfù. Tó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ti wọ ibi tí iná ti ń jó. Ti ọkọ̀ yìí funfun.

Ó tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí àkísà. Mẹ́ta pọ́n bí ilẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Ọ̀kan mọ́ tónítóní bíi pé wọ́n fọ̀ ọ́. Ooru omi ló fọ̀ ọ́. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì dúdú lásán ni, kò rí bíi tíì oníwàrà, èyí tó túmọ̀ sí pé omi kò tíì dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí rádíétọ̀, ó ní kí wọ́n tún ṣáná sí i. Omi ń hó kùkù kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá. Ó rẹ́rìn-ín. “Kò kú. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni.”

Wọ́n sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, bàbá pariwo lé e lórí. Nínú ẹ́ńjìnnì 504, àwọn sílíìfù tí písítìnnì ń rìn nínú wọn kàn jókòó ni, omi yí wọn ká, orí ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá yí i nígbà tí orí kò sí níbẹ̀, sílíìfù lè ṣí kúrò níbi tó wà, omi á sì máa wọ inú ọ́ìlì. Iṣẹ́ kékeré á di iṣẹ́ ńlá. Alumíníọ̀mù sì ni orí náà, tó bá ti gbóná jù, ó máa ń tẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ há a kó tẹ́jú.

Mo rò pé ó parí níbẹ̀. Bàbá ní rárá. Kí ló mú kó gbóná látìbẹ̀rẹ̀? Ó tú rádíétọ̀, ìpẹtà ló kún inú rẹ̀ látinú omi tí wọ́n ń bù sí i lójú ọ̀nà. “Ẹni tó bá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò fọ rádíétọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló yá.” Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò dán mọ́rán tó èyí.

Ohun tó wà ńlẹ̀

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ohun àtijọ́ ló ń da èmi láàmú. Píkọ́ọ̀pù yìí ń rú èéfín, ó ń mu epo bí omi, bíréèkì rẹ̀ sì ń fẹ́ àmójútó. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà epo tí kò tó ₦200 ní iye ìjọba fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ló mọ bó ṣe dùn ún tó.

Ṣùgbọ́n ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ á dùn, tó bá di alẹ́ á ti kan. Tí píkọ́ọ̀pù bá kú sójú ọ̀nà ní agogo mẹ́wàá, owó ọjọ́ náà ti bàjẹ́ fún adẹ́mu, fún ìyá tó ń tà á, àti fún dẹ́rẹ́bà. Ohun tí bàbá yẹn tún ṣe kọjá ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ-iṣẹ́ kan péré ni mo bá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní nígbà kan wọ́n ń tó mẹ́jọ, àti pé ayẹyẹ fírídọ̀mù máa ń dà bí ìgbéyàwó. Àwọn tó kù ti lọ gun ọ̀kadà, àwọn mìíràn ti wọ Èkó. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró fáàfù àti ìró bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀, tí bàbá ń fi irin sìkurudíráfà lé etí gbọ́, kò sí nínú ìwé kankan ní Ìlá. Inú orí bàbá ló wà. PAN ní Kàdúná ń to 504 títí wọ inú ọdún 2000, lẹ́yìn tí Faransé ti pa tirẹ̀ tì. Ọkọ̀ kẹ́yìn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ló kù, àwọn náà sì ń dàgbà.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín nìyí. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Tí ẹ bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò tó jẹ́ mẹkáníìkì, ẹ lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣáná sí ọkọ̀, kó sì sọ ohun tó ń gbọ́. Ẹ dárúkọ ìlú, ẹ dárúkọ irú ọkọ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A ó kó wọn jọ, a ó sì gbé wọn síta fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà tó ń gbọ́ wa, ọkọ̀ á rèfò o.