Sévù àti Pípa Mọ́ ní Ajégúnlẹ̀

Ajégúnlẹ̀: ajé ti gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ òkun ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá tó múlé tì í. Nílé géèmù, onílé ló ni ẹ̀rọ. Ọmọ tó ń sanwó lè ní mẹ́mòrì káàdì tirẹ̀ lápò. PlayStation jáde ní Jàpáàn ní 1994. Káàdì rẹ̀ ní àyè 15. Ọmọ á sévù líìgì rẹ̀ síbẹ̀, á máa bá a lọ ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ní 2000, káàdì PlayStation 2 gba 8 MB. PlayStation 3 dé ní 2006, kò sí ojú káàdì lára rẹ̀ mọ́, àfi kéèyàn ra ohun ìsopọ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ kíyè sí i: sévù àti pípa mọ́ ò dọ́gba. Ohun tí a pa mọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é rí lọ́la. Téèpù tí a fi gba ohùn àwọn àgbà wa ńkọ́? Ta ló ṣì ní ẹ̀rọ tí yóò gbé ohùn náà jáde?