Ta Ló Jókòó Ti Agbaninímọ̀ràn?

Bí ẹ bá dúró ní ìkóríta Ṣàngó ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ ti ń fi hóònù bá ara wọn jà, ẹ ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ló yà níbẹ̀. Ọ̀kan lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ Pólì lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀kan gba Mọ́kọ́lá sọ̀kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, títí dé Òkè-Àdó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, tí mo ń jókòó sílé kọ sọ́fítíwíà fún àwọn tí mi ò rí sójú rí, mi ò sì mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọnú ìtàn kan náà: ìtàn bí àwọn èèyàn ṣe kọ́ iṣẹ́ gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, àti ẹni tó jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ.

Aládùúgbò mi kan ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń kàwé fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìgbaninímọ̀ràn. Lálẹ́, tí wọ́n bá ti múná lọ, èmi á gbé láptọ́ọ̀pù jáde sí ìta, òun náà á gbé ìwé àti tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Àǹtí, kí lẹ máa ń kọ lálaalẹ́ báyìí?"

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹni tó wá sọ́dọ̀ mi sọ ni. Ohun tó sọ, ohun tí mo fèsì, àti ohun tó yẹ kí n sọ tí mi ò sọ. Màmá fẹ́ rí i lọ́la." Màmá tó ń wí, olùkọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì ni, òun ni alábòójútó rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ah, code review nìyẹn jàre!" Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, kóòdù tí mo bá kọ kò lè wọlé àfi tí ẹlòmíràn bá ti yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Ó gbọ́ àlàyé mi tán, ó mi orí. "Kóòdù tiyín, tó bá bàjẹ́, ẹ lè dá a padà sí ti àná. Ẹni tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí, ta ló fẹ́ bá mi dá a padà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe rò lọ. Nígbà tí mo wà ní SS2, ọ̀rẹ́ mi kan gbé ọ̀rọ̀ ilé wọn lọ bá kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé wa. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Economics náà ni kánsẹ́lọ̀. Kí wọ́n tó lu aago oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé yàrá àwọn tíṣà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n fi ṣe ìkìlọ̀ fún gbogbo wa lórí ìlà. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ̀? Ọ̀rẹ́ mi ò sọ nǹkan kan fún àgbàlagbà kankan mọ́ títí a fi jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ìgbà tí mo wá ń ka ìtàn iṣẹ́ náà ni mo tó bi ara mi bóyá ẹnì kan jókòó ti òun náà rí.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Òkè-Àdó lọ ná. Ní 1959, àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí Saint Teresa's College, ilé ìwé àwọn obìnrin, ń ronú nípa àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde: níbo ni wọ́n ń lọ? Òmìnira Nàìjíríà kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Wọ́n pe 20 èèyàn láti ẹnu oríṣiríṣi iṣẹ́ kí wọ́n wá bá àwọn 60 ọmọ tó wà ní kíláàsì àṣejáde sọ̀rọ̀. Àwọn 54 ló rí iṣẹ́ nínú wọn. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ìtàn ìgbaninímọ̀ràn ní Nàìjíríà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1961, Ibadan Careers Council fìdí múlẹ̀. Ní 1976, àwọn agbaninímọ̀ràn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CASSON.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni àwọn 20 èèyàn yẹn wá sọ. Àgbà sọ̀rọ̀, ọmọ gbọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi nílò, ọmọ ló fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbà ló yẹ kó gbọ́, kó sì pa á mọ́ sínú. Nígbà tí ìjọba kọ Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti 1977, wọ́n da méjèèjì pọ̀ sínú iṣẹ́ kan. Wọ́n ní kí agbaninímọ̀ràn wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àti pé, nítorí àwọn tó mọṣẹ́ ò pọ̀, àwọn á kọ́ àwọn tíṣà tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i. Mi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn, ibi tí ọwọ́ bá tó là ń nà án sí. Ṣùgbọ́n ẹ ti wá rí ojú ọ̀nà tí tíṣà Economics gbà di kánsẹ́lọ̀.

Ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé ńkọ́? Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní University College, nínú ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ọsibítù tẹ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, ìdààmú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wọn dé. Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná fún, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí ìwé ò wọlé sí lórí mọ́. "Brain fag" ló pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe ìdánwò rí ní Pólì tàbí ní UI ò nílò kí n túmọ̀ rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni Aro wà. Ibẹ̀ ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954: aláìsàn á máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan á wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì máa gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Ní 1963 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Ní 1968 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì náà.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Aro, ewé àti egbò àwọn oníṣègùn yẹn ló máa ń gba ẹnu kan. Èmi, bí irú wọn ṣe ń kọ́ṣẹ́ ló jọ mí lójú. Ẹ wo ọmọ awo. Kì í dá Ifá fún ẹnikẹ́ni lọ́dún àkọ́kọ́. Á gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wò. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó bá wá ń dá a fúnra rẹ̀, ojùgbọ̀nà rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń gbọ́, tó lè dá a dúró kí àṣìsọ tó dé etí ẹni tó wá ṣèbéèrè. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀.

Àwọn ará Yúróòpù náà rí i lọ́nà tiwọn. Ní 1920, Max Eitingon àti àwọn ọmọlẹ́yìn Freud mìíràn ṣí ilé ìtọ́jú kan ní Berlin. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń tọ́jú èèyàn ní láti máa ròyìn rẹ̀ fún àgbà kan. Ìròyìn lásán nìyẹn ṣá o, ẹni tó ń ròyìn lè fo àṣìṣe tirẹ̀ dá. Carl Rogers, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ló wá fi ẹ̀rọ gba ohùn sílẹ̀ sórí àwo. Ní 1942 ó tẹ ìwé kan jáde tí gbogbo ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Herbert Bryan wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo èsì tí agbaninímọ̀ràn fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sunkún. Èmi tí mo kórìíra ohùn mi lórí WhatsApp, mo mọ̀ pé ìyẹn ò rọrùn.

Iṣẹ́ yìí náà ló wà lọ́rùn Màmá tí aládùúgbò mi ń wí. Olùkọ́ bíi tirẹ̀ ń kọ́ni ní kíláàsì, ó ń ṣèwádìí, ó ń máàkì. Ṣùgbọ́n ohun tó wúwo jù ni wákàtí tó fi ń jókòó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé ẹni tó wá gbàmọ̀ràn mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun ń bá sọ̀rọ̀, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí àṣírí kì í ṣe àṣírí mọ́, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Bí bàbá akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí ẹni tó wá bá a náà ń ṣọ̀fọ̀ bàbá tirẹ̀, alábòójútó ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i pé omijé ti ń dàpọ̀.

Ibi tó ti le nìyí: ẹni tí ẹ máa jẹ́wọ́ àṣìṣe yín fún náà ló máa fún yín ní máàkì. Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́, tí a kì í wo àgbà lójú ká sọ pé "mi ò gbà bẹ́ẹ̀, Mà"? Mo bi aládùúgbò mi bóyá kì í parọ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó ní ní sáà àkọ́kọ́, òun máa ń tún ọ̀rọ̀ òun ṣe kó lè dùn ún kà. Màmá kì í bá òun jà. Á kàn kà á, á ní, "Ó mà dára o. Ta ló sọ ọ́?"

Àwọn olùkọ́ báyìí ò sì pọ̀ tó. Ẹni tó bá já pa ń lọ. Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, mo gbọ́ tí gbogbo èèyàn ń ṣírò ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ pàdánù. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí ọ̀rọ̀ wá dúró sí ìdajì, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka tirẹ̀ mọ́ ọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí a sọ̀rọ̀ yẹn, aládùúgbò mi padà dé láti UI. Mo bi í pé kí ni Màmá wí. Ó ní Màmá ka ìwé náà tán, kò fọwọ́ kan ìmọ̀ràn kankan nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi òun: "Nígbà tó dákẹ́ níhìn-ín, kí ló ń lé ọ tó o fi tètè sọ̀rọ̀?"

"Kí lẹ wá sọ?"

Kò dáhùn. Iná dé, àwọn ọmọdé hó yèè nílé kejì. Àwa méjèèjì ṣì jókòó síta.