Òfin Ọba Lọ́wọ́ Ọlọ̀tẹ̀: Òfin Ológun àti Ìbáwí Nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Amẹ́ríkà, 1775 sí 1783

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1775, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tí àwọn ilẹ̀ àmúsìn Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà pè jọ sí Philadelphia pàṣẹ pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ ti gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi George Washington, olóko ńlá láti Virginia, jẹ ọ̀gágun àgbà. Kí oṣù náà tó parí, ní ọjọ́ 30, wọ́n ti fọwọ́ sí òfin ológun tí ó ní ẹsẹ̀ 69. Ó ku ọdún kan àti ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kéde òmìnira. Èyí ni pé òfin tí wọn yóò fi na ọmọ ogun ti wà nílẹ̀ kí orílẹ̀-èdè tí ọmọ ogun náà ń jà fún tó ní orúkọ.

Ìbéèrè tí ó jẹyọ láti inú èyí kò kéré. Àwọn tí wọ́n ń bínú sí ọba George Kẹta pé ó ń lo agbára lórí wọn láìgba ohùn wọn, irú agbára wo ni wọ́n lè fún ọ̀gágun tiwọn lórí ara àti ẹ̀mí àwọn ọmọ wọn? Èrò tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀gágun ìgbà náà ni pé ìjìyà ni ó ń mú ọmọ ogun gbọ́ràn, àti pé bí ìjìyà bá ṣe le tó ni ìgbọràn yóò ṣe pọ̀ tó. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbìyànjú láti fi hàn ni pé ìtàn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà láàrin 1775 sí 1783 kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Àdéhùn láàrin ìjọba àti ọmọ ogun, lórí owó oṣù, oúnjẹ, aṣọ àti iye ọdún iṣẹ́, ni ó gbé ìgbọràn ró. Ibi tí àdéhùn náà ti yẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjìyà ti le ju ti ìṣáájú lọ nígbà náà.

Ẹgba 39

Òfin ti 1775 kò ṣàdédé hù. Massachusetts ti ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà kí ìbọn tó dún ní Lexington, ìwé òfin ológun Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn náà sì wò kọ. Ṣùgbọ́n Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dín oró òfin náà kù. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọba, ilé-ẹjọ́ ológun lè pàṣẹ kí wọ́n na ènìyàn ní ẹgba 500, ó sì máa ń tó 1,000 nígbà mìíràn. Ti Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ kọjá 39. Ibi tí iye yìí ti wá kò ṣòkùnkùn sí àwọn tí wọ́n dàgbà sórí Bíbélì: ìwé Deuteronomi sọ pé kí nínà má ṣe ju ogójì lọ, àwọn Júù sì ń dúró lórí 39 kí wọ́n má baà ṣì í kà, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì sọ pé ìgbà márùn-ún ni òun jẹ irú rẹ̀. Owó ìtanràn kò gbọdọ̀ ju owó oṣù méjì lọ, ẹ̀wọ̀n kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ, ìwọ̀nba ẹ̀ṣẹ̀ díẹ̀ ni ó sì la ikú lọ.

Irú àwọn ènìyàn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà ni ó fa ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Fún oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi gba iṣẹ́ ogun. Ní àwọn ilẹ̀ New England, àwọn ọmọ ogun a sì máa yan ọ̀gá wọn fúnra wọn. Ọ̀gá tí ó jẹ́ aládùúgbò ẹni, tí yóò padà lọ bá ni gbé lẹ́yìn ogun, kò lè na ni bí ẹni na ẹrú. Ọ̀rọ̀ ẹrú yìí kì í sì í ṣe àfiwé lásán. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi pàṣán darí ọmọ Áfíríkà lóko, ní Virginia tí í ṣe ilé Washington pàápàá, pàṣán lẹ́yìn ẹni tí kì í ṣe ẹrú ní ìtumọ̀ kan tí kò lè ní ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kò pẹ́ tí ihò inú òfin náà fi hàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1775, Dókítà Benjamin Church, olórí ilé ìwòsàn ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, dúró níwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gágun nítorí ìwé àṣírí tí ó kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀tá. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ìgbà tí wọ́n wá ṣí ìwé òfin, wọ́n rí i pé ìjìyà tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá bá ọ̀tá kọ̀wé kò ju ẹgba 39, ìtanràn, ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún òfin náà ṣe, wọ́n fi ikú kún un. Ṣùgbọ́n wọn kò fi òfin tuntun mú ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́, inú àtìmọ́lé ni Church sì wà. Thomas Hickey, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Washington fúnra rẹ̀, kò bọ́ sí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹgi fún un ní New York ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1776 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ àti ìdìtẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tá, lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.

Ìwé òfin ti 1776

Ẹni tí wọ́n fi ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ni William Tudor, tí ó kọ́ṣẹ́ òfin lọ́dọ̀ John Adams. Òun àti Washington ni wọ́n ń rọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì pé òfin ti 1775 rọ̀ jù. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún ní Adams àti Thomas Jefferson nínú, ṣùgbọ́n Adams ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Nínú ìtàn ìgbésí ayé tí ó kọ nígbà ogbó rẹ̀, Adams ṣàlàyé pé òfin ogun kan ṣoṣo ni ó ti sọ ìjọba méjì di olórí ayé, ti Róòmù àti ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ti Gẹ̀ẹ́sì kò ju ìtumọ̀ ti Róòmù lọ. Nítorí náà, asán ni kí ènìyàn máa wá òmíràn. Ó gbé ti Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí i padà. Kò retí pé wọn yóò gbà á. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1776 ni wọ́n gbà á.

Ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n kéde òmìnira. Kò sì tíì pé oṣù kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Long Island; ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fẹsẹ̀ fẹ ẹ ní Kip's Bay tí Washington fúnra rẹ̀ ń pariwo lé wọn lórí láìsí ẹni tí ó dá a lóhùn. Nínú lẹ́tà tí ó kọ lọ́sẹ̀ náà, kí ó tó gbọ́ pé òfin ti yí padà, ó ráhùn pé àwọn ọ̀gá tí ń ṣojú nínà a máa sọ ọ́ di eré, àti pé àwọn aláìnítìjú kan ti sọ ọ́ lẹ́nu pé bí wọ́n bá fún àwọn ní ìgò ọtí rọ́ọ̀mù kan, àwọn yóò tún gba ẹgba 39 mìíràn. Ẹ̀rù ni ó bí òfin ti 1776, kì í ṣe ìwé kíkà Adams nìkan.

Òfin tuntun náà gbé ẹgba láti 39 dé 100, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ di èyí tí ikú lè tẹ̀ lé. Ó fi ààbò díẹ̀ sí i pẹ̀lú: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó jókòó gbẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè dájọ́ ikú. Àwọn ọ̀gá nìkan ni wọ́n sì ń jókòó. Kò sí ọmọ ogun kúrúǹtù kan tí ó lè wà lára wọn. Irú ìyálò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan. Òfin ológun tí Nàìjíríà ṣe ní 1960 tẹ̀ lé òfin ológun Gẹ̀ẹ́sì ti 1955, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò sí ìjọba tuntun tí ó ń rí ààyè jókòó ronú òfin ológun tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ pàtàkì tí ó wà láàrin ti ọba àti ti Amẹ́ríkà ni ẹni tí ó ṣe é: ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn, tí ó sì lè yí i padà.

Ṣùgbọ́n ibi tí òfin náà dákẹ́ sí ni kí ènìyàn fiyè sí. Ọmọ ogun tí ó bá ta aṣọ tàbí ọta ìbọn rẹ̀ yóò jìyà. Olùtọ́jú ìṣúra tí ó bá jí nǹkan ìjọba yóò jìyà. Ọmọ ogun tí ọ̀gá rẹ̀ bá rẹ́ jẹ lè mú ẹjọ́ lọ bá ọ̀gá tí ó jù ú lọ. Kò sí ẹsẹ̀ kankan fún ìgbà tí ó bá jẹ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ ni kò fi aṣọ ránṣẹ́, tí kò sì san owó.

Ní Valley Forge, nígbà òtútù 1777 sí 1778, nǹkan bí 2,000 ọmọ ogun kú, àrùn ni ó sì pa ọ̀pọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni von Steuben dé bá wọn ní oṣù kejì ọdún 1778. Ọmọ Prussia ní ilẹ̀ Jámánì ni, níbi tí pàṣán ti gbajúmọ̀, síbẹ̀ ìdáni-lẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń dúró sáàrin àwọn ọmọ ogun kọ́ wọn. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Yúróòpù pé, lọ́dọ̀ tiwọn níbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí ọmọ ogun ṣe nǹkan, yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà òun gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ìwé ìlànà tí ó ṣe, tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí ní 1779, sọ fún balógun ọ̀wọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn òun.

Oṣù kínní ọdún 1781

Owó bébà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi ń jagun ti di ewé lọ́wọ́ aráyé nígbà tí yóò fi di 1780. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ gbà pé 40 dọ́là bébà ni yóò máa jẹ́ dọ́là fàdákà kan. Àwọn ọmọ ogun Pennsylvania tí ó pàgọ́ sí ẹ̀bá Morristown ní New Jersey kò rí owó oṣù fún nǹkan bí ọdún kan. Ohun mìíràn tún wà. Àdéhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ka sí sọ pé wọn yóò sìn fún ọdún mẹ́ta tàbí títí ogun yóò fi parí. Àwọn ọmọ ogun ní èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé ni. Àwọn ọ̀gá ní èyí tí ó bá pẹ́ jù ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tàbí, ni ìjà náà dá lé. Àwọn Yorùbá a máa sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun yìí jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àdéhùn wọlé ti ebi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kínní ọdún 1781, nǹkan bí 1,500 nínú wọn gbé ìbọn, wọ́n kó àgbá ogun, wọ́n sì jáde kúrò ní àgọ́. Ọ̀gá kan kú nínú rògbòdìyàn náà. Ọ̀gágun Anthony Wayne gbìyànjú láti dá wọn dúró. Wọ́n ní àwọn kò bá a jà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni àwọn ń bá ṣe ẹjọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ òfin tí ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀tẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lójú lóru ọjọ́ kan.

Ìwà wọn lẹ́yìn èyí ni ó yẹ kí ó ya òpìtàn lẹ́nu. Wọn kò túká, wọn kò sì di ọlọ́ṣà. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ àwọn sájẹ́ǹtì, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí Princeton, wọ́n sì ka kíkó ẹrù ará ìlú léèwọ̀. Nígbà tí ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, Clinton, rán ènìyàn méjì sí wọn pé òun yóò san gbogbo owó tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì jẹ wọ́n bí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ òun, wọ́n mú àwọn oníṣẹ́ náà lé Wayne lọ́wọ́. Wọ́n so àwọn méjèèjì kọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù náà gẹ́gẹ́ bí amí. Wọ́n fi wúrà lọ àwọn sájẹ́ǹtì fún iṣẹ́ yìí, wọn kò gbà á. Nínú òfin, ọlọ̀tẹ̀ tí ikú tọ́ sí ni wọ́n. Nínú ìṣe, kò tíì sí ìgbà tí ìbáwí wọn dára tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọ̀gá kan lórí wọn.

Joseph Reed, olórí ìjọba Pennsylvania, lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó gbà pé kí ẹni tí ó ti sìn fún ọdún mẹ́ta máa lọ. Níbi tí ìwé àdéhùn kò bá sí lọ́wọ́, ìbúra ọmọ ogun náà tó. Ju ìdajì wọn lọ ni ó gba ìwé ìdásílẹ̀, wọn kò sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀tẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìsinmi, púpọ̀ nínú wọn padà wá tẹ̀ka sí àdéhùn tuntun.

Àwọn ará New Jersey gbọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà ni àwọn náà dìde ní Pompton, ẹ̀dùn-ọkàn wọn kò sì yàtọ̀. Ti ìsinsìnyí, Washington kò dúró de àwọn olóṣèlú. Ó rán Robert Howe pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun New England tí wọ́n tó 500. Wọ́n yí àgọ́ náà ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27, wọ́n fa àwọn aṣáájú jáde, wọ́n sì fi ipá mú àwọn ọlọ̀tẹ̀ ẹgbẹ́ wọn láti yìnbọn pa méjì nínú wọn lórí yìnyín. Ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó gba ìwé ìdásílẹ̀ àti ẹni tí ó gba ọta ìbọn kò sí nínú ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Àwọn ti Pennsylvania pọ̀. Àwọn ti New Jersey kéré.

Ọjọ́ méje lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 3 oṣù kejì, Washington kọ̀wé sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Ó ní àlàfo láàrin ẹgba 100 àti ikú ti fẹ̀ jù, ìyẹn ni ó fi ń di dandan fún ilé-ẹjọ́ láti dájọ́ ikú níbi tí kò yẹ. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ẹgba lè tó 500. Kò burú gẹ́gẹ́ bí èrò agbẹjọ́rò, ó tilẹ̀ ní àánú díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tí ojú rí ní oṣù kínní, ó ṣòro láti sọ ọmọ ogun Pennsylvania tí ẹgba 500 ì bá dá dúró níbi tí owó ọdún kan kò sí. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọ̀ fún un.

Ohun tí wọn kò lè ṣe ni láti san gbèsè náà, nítorí pé ìwé ìṣọ̀kan tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1781 kò fún wọn ní agbára láti gba owó orí. Wọ́n lè pa ọmọ ogun. Wọn kò lè bọ́ ọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1783, àwọn ọmọ ogun tí ń béèrè owó wọn yí ilé ìjọba ká ní Philadelphia nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wà nínú rẹ̀, àwọn aṣòfin sì kó lọ sí Princeton, ìlú kan náà tí àwọn sájẹ́ǹtì Pennsylvania ti jókòó sí. Nígbà tí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní 1787, abala kan náà ni ó fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní agbára láti gba owó orí àti láti ṣe òfin fún àwọn ọmọ ogun. Òfin tí Adams yá lọ́wọ́ ọba ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 1806 kí wọ́n tó tún un kọ. Pàṣán pẹ́ jù ú lọ: wọ́n fòfin dè é ní 1812, wọ́n dá a padà ní 1833 fún àwọn tí ó bá sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì kúrò pátápátá títí di 1861, nígbà tí ogun mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.