Ìyálọ́jà Ló Ni Èkó: Ohun Tí A Rí Láti Ojú Fèrèsé Bọ́ọ̀sì Lọ́jọ́ Òjò

 

Nínú ètò àjọ̀dún yìí, a háyà bọ́ọ̀sì láti Lẹ́kkí Phase 1, a ní ká lọ wo Ìsàlẹ̀ Èkó àti àyíká rẹ̀. Oṣù Keje ni, òjò ò dá láti àárọ̀. Àwọn kan ní ká padà sílé, àwọn ìyá àgbà ní òjò wo ló pa ọlọ́jà rí tí kò gbẹ? Bá a ṣe lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ibi la ò lè sọ̀kalẹ̀, ojú fèrèsé la ti wò ó. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wà níbẹ̀, tiwa ni, ìdí nìyí tá a fi ní ká kọ ọ́ síbí kí àwọn ọmọ wa lè kà á.

A gba orí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013, a gba Obáléndé, ó di Tinúbú Square. Orúkọ ọlọ́jà ni wọ́n fi pe ibẹ̀, Madam Ẹfúnróyè Tinúbú, ọmọ Ẹ̀gbá. Ó ta iyọ̀ àti tábà ní Àgbádárìgì, ó tún tajà l'Ékòó, títí tí ọba fi ń gbọ́ tirẹ̀. Lọ́dún 1856, Benjamin Campbell tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ó gba Abẹ́òkúta lọ. Nígbà tí ogun Dàhómì dé, ó pèsè ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde lọ́dún 1864. Ọdún 1887 ló kú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tán o: ó bá wọn ta ẹrú pẹ̀lú. Ká má fi ìyẹn pa mọ́ fún àwọn ọmọ.

Ní Tinúbú Square yìí kan náà ni ilé àwọn Àgùdà kan wà tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Lọ́dún 1956 ni ìjọba kéde pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú wa ò rí nǹkan kan fi han àwọn ọmọ.

Nígbà tá a dé ìtòsí Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, òjò túbọ̀ le. Ìtàn sọ pé oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ ààfin yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin aláta, ẹ gbọ́ o!

Ọjà Eréko ló kàn. Ẹ fi ti ibí yìí sọ́kàn dáadáa. Ibẹ̀ ni Alímọ́tù Pẹlẹwúrà ti ń ta ẹja. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé, ó ní àwọn ò lọ, wọn ò sì lọ. Lọ́dún 1940, òyìnbó ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju pọ́n-ùn 50 lọ máa san owó orí. Nínú oṣù Kejìlá, àwọn ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn, wọ́n rọ́ lọ bá ìjọba. Ìjọba gbé e kúrò ní 50, ó di 200. Lásìkò ogun Hitler, ìjọba tún fẹ́ máa bá wọn dá iye tí wọ́n á ta oúnjẹ. Captain Pullen ni wọ́n fi ṣe olórí ètò náà. Pẹlẹwúrà àti àwọn èèyàn rẹ̀ kò gbà títí wọ́n fi gbé e kúrò lọ́dún 1945. Ọdún 1951 ló dágbére fáyé. Nínú bọ́ọ̀sì wa, àwọn tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ò pọ̀.

Nígbà tá à ń bọ̀ nílé, Ozumba Mbadiwe la gbà. Bá a ṣe ń sún mọ́ Oníru, ìyá kan nawọ́ sí ojú fèrèsé, ó ní, "Apá ibẹ̀un ni ìsọ̀ mi wà. Ẹja yíyan ni mo ń tà." Màrókò ló ń sọ. Nínú oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje péré, lẹ́yìn náà ni katakata dé. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, ìyẹn 300,000, ni wọ́n lé síta lásìkò òjò. Ìjọba ní omi lè bo ilẹ̀ náà. Lónìí, ilé olówó ńlá ló kún ibẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n lé ló wá fìdí kalẹ̀ sí Ìlàsàn àti Ìkọ́tà, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ọjà láti orí igbá kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò le. Ilé tí ìjọba ní ká má fọwọ́ kàn wó. Ọjà odindi ìlú kan tú láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Tí Pẹlẹwúrà tí kò mọ̀wé ò bá ní àwọn tó kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀, tiẹ̀ náà ì bá ti pa rẹ́. Ta ni yóò kọ tiwa? Ẹni tó bá ti tajà ní Màrókò nínú wa, tó bá ní fọ́tò, ìwé èsúsú àtijọ́, tàbí ìtàn lẹ́nu lásán, kó jọ̀ọ́ kó lọ rí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kó sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ á bá a kọ ọ́.

Ọjà wa ò ní tú o. Àṣeyí ṣàmọ́dún.