Ohun Iṣẹ́ Ẹnìkan, Ohun Eré Ẹlòmíràn

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ẹranko kékeré kan ní guinea pig ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò wo ilé rárá. Ẹranko náà kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ti ilẹ̀ Gínì wá. Ìbátan eku ni. Ó sanra, kò nírù, igbe rẹ̀ sì ń dún tín-ín-rín bí ti òròmọdìẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ sìn ín lórí òkè Andes, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Peru àti Bolivia lónìí, ń pè é ní kúì. Orúkọ tí àwọn onílé fún un yìí ni èmi náà yóò máa pè é.

Mo fẹ́ fi kúì, àti ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ń jẹ́ káyáàkì, wádìí ọ̀rọ̀ kan tó kan gbogbo wa. Kí ni à ń pè ní iṣẹ́? Kí ni à ń pè ní eré? Kí ló sì kù fún ọmọ ènìyàn nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ní àwọn ìlú Òyìnbó lónìí, kò ṣòro láti rí òṣìṣẹ́ tí ń sin kúì méjì nínú ilé, tí ń wa káyáàkì lójú òkun ní òpin ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nípa iṣẹ́ oṣù tó ń ṣe. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé lè sọ pé ayé ìdẹ̀ra ló ń jẹ. Ìtàn fi yé wa pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti ju 5,000 ọdún lọ tí àwọn ará Andes ti sọ kúì di ẹran ilé. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń gbé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi koríko àti èèpo oúnjẹ bọ́ ọ. Bí àlejò bá dé tàbí tí ọdún bá kò, wọn a pa á jẹ. Bí ara ẹnìkan kò bá yá, oníṣègùn a fi kúì ra á lára, a sì la inú ẹran náà wò, kí ó lè mọ ibi tí àrùn fara pamọ́ sí. Ẹni tó ti rí ibi tí a ti ń fi ẹyẹlé ra ènìyàn lórí nílẹ̀ wa kò ní í pe èyí ní ohun àjèjì.

Láti ọdún 1532 ni àwọn ará Sípéènì ti ń ṣẹ́gun ilẹ̀ náà, kò sì pẹ́ tí kúì fi dé Yúróòpù. Níbẹ̀ ni ipò rẹ̀ ti yí padà. Àwòrán kan wà tí a kùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1580, tí a sì pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2013. Ọmọ ọlọ́lá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì gbé kúì mọ́ra. Ẹran ọbẹ̀ ti di ohun ìṣiré.

Síbẹ̀ kúì kò bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Kúì wà lára àwọn ẹran tí Robert Koch lò ní ọdún 1882 láti fi hàn pé kòkòrò àrùn ló ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní ọdún 1907, ọ̀mọ̀wé méjì ní Norway, Axel Holst àti Theodor Frølich, fi kìkì ọkà bọ́ kúì. Àrùn kan sì kọ lù wọ́n, irú èyí tí ń mú kí èrìgì wú kí eyín sì máa yọ, èyí tó ti pa àìmọye atukọ̀ lójú òkun. Ara kúì, bíi ti ènìyàn, kò lè dá fítámìnì C ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń já ewé tútù fún kúì lónìí ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ tí a fi ẹ̀mí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ́.

Ìrìn àjò káyáàkì kò yàtọ̀ sí èyí. Àwọn Inuit ilẹ̀ Greenland àti àríwá Kánádà ló ni ín. Igi kì í fẹ́ẹ̀ hù ní ilẹ̀ wọn, nítorí náà, igi tí òkun gbé wá sí etídò ni wọ́n fi ń ṣe egungun rẹ̀, wọn a sì fi awọ ẹran omi bò ó. Ìwọ̀n ara ọdẹ ni a fi ń kan ọkọ̀ náà, àwọn obìnrin ló sì ń rán awọ rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ìyàwó bá ṣàṣìṣe, ọkọ̀ yóò kún, ọkọ yóò sì bá omi lọ. Ní ọdún 1865, amòfin ará Scotland kan, John MacGregor, kan ọkọ̀ tó fara jọ ọ́, ó pè é ní Rob Roy, ó sì fi najú kiri lórí àwọn odò Yúróòpù. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ gbayì. Nígbà tó yá, àwọn ará Jámánì ṣe irú èyí tó ṣeé ká, tí ènìyàn lè gbé wọ ọkọ̀ ojú irin. Irinṣẹ́ ọdẹ ti di ohun ìgbafẹ́.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ti Oskar Speck ló wọ̀ mí lára jù. Ará Hamburg ni, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Ní ọdún 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan kọ́: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1932, àwọn aláìníṣẹ́ ní Jámánì ti ju 6,000,000 lọ. Speck ní káyáàkì kan tó ṣeé ká. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó gbé e sórí odò Danube ní ìlú Ulm. Èrò rẹ̀ kò ju kí ó dé erékùṣù Cyprus lọ, kí ó lọ wá iṣẹ́ níbi tí a ti ń wa bàbà. Ṣùgbọ́n ìrìn náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì tẹ̀ síwájú gba odò Euphrates, gba etíkun Íńdíà, títí ó fi dé Indonesia. Ibà ṣe é. Àwọn kan lù ú títí awọ etí rẹ̀ fi bẹ́. Lẹ́yìn ọdún méje àti nǹkan bí 50,000 kìlómítà, ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Saibai ti ilẹ̀ Ọsirélíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Ogun ti bẹ́ sílẹ̀, ọmọ Jámánì sì ni. Wọ́n mú un, àhámọ́ ló sì wà títí di ọdún 1946. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó ń fi òkúta iyebíye jẹun, ó sì fi Ọsirélíà ṣe ilé.

Ẹ wo bí ọkọ̀ náà ti yí po. Ọdẹ fi wá oúnjẹ. Olówó fi najú. Aláìníṣẹ́ tún wá gbé e, ó fi ń wá oúnjẹ. Kò sí ohun kan láyé tí a dá ní iṣẹ́ tàbí ní eré. Àìní àti ànító ló ń pín wọn. Ẹ bi ará Ìlàjẹ apẹja bóyá eré ni ọkọ̀ wíwà, yóò fi yín rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ti gbọ́n ní ilẹ̀ wa ní àárín ọdún 1980 sí 1990 mọ ohun tí mo ń wí. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí à ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo mọ olùkọ́ tó di olùsìn ehoro lẹ́yìnkùlé. Mo mọ akọ̀wé tó fi mọ́tò rẹ̀ ṣe kabúkabú. Ohun tí wọ́n fi ń najú tẹ́lẹ̀ ló wá ń bọ́ wọn. Àwọn aládùúgbò ń káàánú wọn pé wọn kò níṣẹ́ mọ́, bí ẹni pé tábìlì ọ́fíìsì nìkan ni iṣẹ́.

Èrò yìí ni mo lòdì sí. Owó oṣù ń bọ́ ilé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun lọ́la, tó sì jí ní òwúrọ̀ láti já ewé fún kúì rẹ̀, kò fi àkókò ṣòfò. Ohun kan ṣì ń bẹ tó gbójú lé e. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ gba inú ìgbì kọjá ń rí èrè agbára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ oṣù kì í jẹ́ kí a rí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ìwé ìdádúró bá dé, ká má ṣe jẹ́ kí ó gba orúkọ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ ohun tí í ṣe.