GẸDÚ, IGBÓ SÀPÓBÀ ÀTI ỌGBỌ́N ÀTIJỌ́

Igi ló sọ Sápẹ́lẹ̀ di ìlú ńlá, débi pé igi kan ń jẹ́ orúkọ ìlú náà káàkiri àgbáyé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ African Timber and Plywood ti UAC ń la gẹdú níbẹ̀, ó sì ń ṣe pláíwúùdù.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí mo fẹ́ kí a rántí ti wà ṣáájú ìyẹn. Ní àwọn ọdún 1920, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò taungya ní igbó ọba Sàpóbà, nítòsí Ìlú Bìní. Ilẹ̀ Bọ́mà ni ètò náà ti wá. Wọ́n á fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó. Á gbin iṣu àti àgbàdo, wọn á gbin ọmọ igi sáàárín rẹ̀. Bó ti ń roko rẹ̀ ló ń roko igi. Nígbà tí igi bá ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kúrò, igi á dúró. Níbi tí àmójútó ti dẹ̀, oko ló kù, igi kò sí.

Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ìtì igi lọ sókè òkun. Síbẹ̀, òfin nìkan kì í gbin igi.

Nǹkan bí ìdajì igi gbígbẹ ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù tí igi fà láti inú afẹ́fẹ́. Bí a bá sun ún, á padà sókè láti mú ayé gbóná. Bí ó bá di ilẹ̀kùn, á pẹ́ nílé. Nítorí náà, ẹ̀yin onígẹdú wa, ẹni tó bá gé, kó gbìn, kó sì tọ́jú rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe.