Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn omi ẹ̀gbin

Bí ìyá yín bá mú yín lọ ra ìrẹsì lọ́jà nílé, ẹ ó rí i pé ó máa ń wo ìdí kóńgò kó tó nájà. Bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kóńgò wọnú, iye tí wọ́n pè kò já mọ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ẹ̀gbin. Kóńgò tí ìjọba fi ń wọ̀n ọ́n la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Ní ìgbà ooru 1858, òórùn odò Thames le débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn aṣòfin kúrò ní Westminster. Joseph Bazalgette bá la ọ̀nà ẹ̀gbin sábẹ́ ilẹ̀. Ní 1865 wọ́n ṣí Crossness, ibi tí ẹ̀gbin Peckham wa yìí ń lọ títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà náà, wọ́n kàn ń dà á sódò ni. Ní September 1878, ọkọ̀ Princess Alice rì sínú omi ẹ̀gbin yẹn, ó sì lé ní 600 èèyàn tó kú.

Ìbéèrè wá dé: báwo la ṣe máa mọ̀ pé omi ẹ̀gbin tí wọ́n ti sẹ́ ti mọ́ tó láti wọ odò? Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1898. Ní 1912, ìgbìmọ̀ náà mú ìdáhùn wá. Ẹ bu omi náà sínú ìgò, ẹ wọn ọ́síjìn inú rẹ̀, ẹ gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ tún un wọ̀n. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń jẹ ẹ̀gbin máa ń mí ọ́síjìn. Bí ẹ̀gbin bá ṣe pọ̀ tó ni ọ́síjìn ṣe máa dín kù tó. BOD ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yìí. Òté wọn ni mílígíráàmù 20 nínú lítà kan, bí omi odò bá pọ̀ ju omi ẹ̀gbin náà lọ ní ìlọ́po 8.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ márùn-ún? Wọ́n máa ń sọ pé kò sí odò nílẹ̀ yìí tí omi rẹ̀ máa ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé òkun. Ooru tí wọ́n yàn, nǹkan bí 18°C, ti ìgbà ooru ilẹ̀ yìí ni. Lẹ́yìn náà ló wá di 20°C káàkiri ayé.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kòkòrò mìíràn wà tó ń jẹ amóníà, òun náà ń mí ọ́síjìn, ó sì lè mú kí omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa dà bí èyí tó dọ̀tí. Nítorí náà, òfin Yúróòpù ti 1991, tí ìjọba ibí mú wọ òfin tiwọn ní 1994, ní kí a má ka ti kòkòrò yẹn mọ́, ó sì fi òté sí 25. Bí ẹnì kan bá fi 25 tuntun wé 20 àtijọ́ láì wo ìdí kóńgò, ó ti ṣìnà.

Ẹ wá ronú sí Èkó, níbi tí omi ti gbóná ju 20°C lọ. Íńdíà ti ṣe tiwọn: ọjọ́ mẹ́ta, ní 27°C. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ní Nàìjíríà ṣì ń fi kóńgò tí wọ́n gé mọ́ odò Gẹ̀ẹ́sì wọn ti wa.

Àyẹ̀wò kan kì í rí ohun gbogbo. Ní 2022, wọ́n rí kòkòrò polio nínú omi ẹ̀gbin ní Beckton, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ọdún 1 sí 9 ní London wá gba abẹ́rẹ́ sí i. BOD kò lè rí ìyẹn láé. Àyẹ̀wò mìíràn ló rí i.

Nítorí náà, nígbà tí iléeṣẹ́ omi bá sọ pé àwọn ò kọjá òté, ẹ bi wọ́n: kí lẹ wọ̀n, báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n, ta ló sì gé kóńgò náà? Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́.